Èsìsì fún Orúnkún Wahome

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní òkè Karuthi, kí àkùkọ tó kọ tán, ohùn Wahome ni a ó kọ́kọ́ gbọ́.

"Yéè! Yéè, mo gbé! Obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Lẹ́yìn náà ni yóò bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe igbe yẹn ló ń dun Nyaguthii, ìyàwó rẹ̀ àgbà. Ẹ̀rín yẹn ni.

Ilé Nyaguthii àti ilé Wamaitha, ìyàwó kékeré, dojú kọ ara wọn, àgbàlá kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ilé tí ọkọ ń dá sùn wà lókè wọn díẹ̀, lábẹ́ igi ńlá kan. Ilé tèmi wà ní ìsàlẹ̀, oko ọ̀dùnkún òyìnbó ló là wá láàárín, ṣùgbọ́n ohùn kì í bẹ̀rù oko. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ lọ́hùn-ún ni mo máa ń gbọ́, àfi tí mo bá fi ọwọ́ di etí. N kì í sì í fi ọwọ́ di etí.

Orúnkún ló ń yọ Wahome lẹ́nu. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, nígbà tí ìrì dídì ń bo koríko láràárọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n sì le gbagidi. Ọkùnrin tó ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Gura, tí yóò tún gun òkè padà láìmí gúlegúle, ó di ẹni tó jẹ́ pé bí ó bá jókòó, a ó fà á dìde ni. Ibẹ̀ ni Wamaitha ti gba ọkọ mọ́ ìyálé rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ etí igbó Nyandarua ni Wamaitha, ìyá rẹ̀ àgbà a sì máa tọ́jú àwọn tí oríkèé ara ń ro. Ó lọ gé ewé èsìsì tí àwa ń pè ní thabai, èyí tó ti ga, tó ní igi lára dáadáa. Ó di í pọ̀ bí ìgbálẹ̀, ó ní kí ọkọ ká ṣòkòtò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án lórúnkún.

Ẹni tí èsìsì kò bá jó rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ìgbà tí a da ẹyin iná sí ni lára. Awọ á pọ́n, á yọ kókó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ooru á wọlé lọ títí dé egungun. Tó bá yá, bí awọ ṣe ń jó, ìrora tó wà nínú lọ́hùn-ún á máa rọlẹ̀. Wahome á dìde fúnra rẹ̀, á na ẹsẹ̀, á rìn yí àgbàlá ká. Lẹ́yìn náà ni yóò padà lọ jókòó níwájú ààrò Wamaitha, yóò sì mu tíì àárọ̀ níbẹ̀.

Tíì yẹn gan-an ni ọ̀ràn. Láti ìgbà tí Wahome ti di ọkọ obìnrin méjì, ilé Nyaguthii ni ó ti ń mu tíì àárọ̀.

Nyaguthii wá bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń wa ọ̀dùnkún. Kò tilẹ̀ kí mi.

"Ìyá Ruguru, o gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí?"

"Mo gbọ́ kí ni?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ń nà á, ó ń rẹ́rìn-ín! Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ fún un láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n, kò rẹ́rìn-ín fún mi báyìí rí. Ẹni tó nà án lẹ́gba ni ó ń kí pé kú iṣẹ́."

"Òògùn ni, Ìyá Kirigo."

"Òògùn wo? Ta ló mọ èsìsì jù mí lọ ní òkè yìí?"

Òótọ́ ni ó sọ. Èsìsì, ti Nyaguthii ni. Òun ni ó ń já a láìfi nǹkan bo ọwọ́, á fi ìka méjì gbá ewé náà mú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kò sì ní jó o. Orí ewé tútù nìkan ló ń já. Tó bá ti yọ òdòdó, kò ní fi sínú ìkòkò mọ́, ó ní ewé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ohun bí iyanrìn nínú, inú kíndìnrín ènìyàn ni ó sì máa ń lọ jókòó sí. Bí wọ́n bá gún ọ̀dùnkún àti àgbàdo àti ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ewé yẹn nílé rẹ̀, aláwọ̀ ewé minimini ni yóò jáde, àlejò á sì bèèrè ẹ̀ẹ̀kejì kó tó jẹ ẹ̀ẹ̀kíní tán. Obìnrin tó bá bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀, Nyaguthii ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Á sá èsìsì sórí àjà ààrò kó gbẹ, á lọ̀ ọ́, á fi sínú ògì jéró, ojú ìyá ọmọ tó funfun bí bébà á sì padà máa pọ́n. Èmi náà mu ún nígbà tí mo bí Ruguru. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ewé. Pé kí ẹlòmíràn wá fi ewé tìrẹ gba ọkọ rẹ, ìyẹn ju kí ó fi ẹwà gbà á lọ.

Lédè tiwa, orogún àti owú, inú gbòǹgbò kan ni wọ́n ti hù jáde. Aya kan ṣoṣo ni èmi nílé ọkọ mi, mo sì máa ń rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe wo ojú Nyaguthii, mo mọ̀ ọ́n.

Kò jókòó lásán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró de Wahome ní àgbàlá bí ó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti ilé rẹ̀.

"Bàbá Kirigo, ẹ yà síbí lónìí. Èmi náà ní ọwọ́."

Wahome wo ilé Wamaitha, ó wo ojú Nyaguthii. Ọkùnrin tó ti pẹ́ láàárín obìnrin méjì mọ ìgbà tí a kì í sọ pé rárá. Ó jókòó lórí àpótí, ó ká ṣòkòtò.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ "yéè" kan, mo gbọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀rín ni Nyaguthii ń dúró dè, ẹ̀rín náà kò sì wá. Ni ẹgba bá kúrò lórí orúnkún, ó bọ́ sí ojúgun.

"Nyaguthii! Orúnkún ni!"

"Ẹ dúró, Bàbá Kirigo, òògùn ni."

Ẹgba gòkè, ó dé itan.

"Orúnkún ni mo sọ! Ṣé mo jí ẹran nínú ìkòkò rẹ ni?"

"Ẹ máa mu tíì lọ! Ẹ máa mu tíì lọ lọ́hùn-ún!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ tíì níbí? Ẹ gbà mí o!"

Ọkùnrin tí a fà dìde lánàá, ó fò kúrò lórí àpótí, ó sá kọjá àgbàlá, ó gba àárín oko ọ̀dùnkún mi, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà mi tòun ti ṣòkòtò kíká. Mo gbé àga fún un. Kò lè jókòó.

Wamaitha ti jáde sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ó rí i pé òun lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyálé mi, òògùn tiyín múná ju tèmi lọ o. Tèmi, wọ́n ń rìn ni. Tiyín, wọ́n ń sáré."

Gbogbo òkè Karuthi gbọ́ ọ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, Nyaguthii kò bá Wamaitha sọ̀rọ̀ ju "kúrò níbẹ̀" lọ.

Àsìkò ẹ̀rùn ni. Gbogbo èsìsì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti gbẹ, èyí tó wà ní etí igbó sì jìnnà. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ó ti tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀yìn agbo ewúrẹ́ Nyaguthii. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni èsìsì ti ń hù jù. Ibi tí ẹran ń tọ̀ sí, tí a ń da omi àwo sí, ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Lọ́jọ́ kan ni Nyaguthii lọ já ewé níbẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n ti gé àwọn tó ga jù. Òun kì í fi ọ̀bẹ gé èsìsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ojú ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá. Ó ṣì ní omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn agbo láàárín àwọn ewúrẹ́. Kò pẹ́ tí Wamaitha fi dé, ó fi àpò ìdọ̀họ wé ọwọ́, ọ̀bẹ wà ní ìkejì.

"Ẹ kú ìdájí o, olè."

Wamaitha fò sókè. "Ìyálé mi! Ẹ ti jí?"

"Mo ti jí. Ojú mi là. Èsìsì mi ni o fi ń fa ọkọ mi mọ́ra."

"Ọkọ wa."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ọkọ wa ni, ìyálé mi. Èsìsì sì nìyí, ta ló gbìn ín? Ṣé ẹ̀yin lẹ gbìn ín?"

"Ewúrẹ́ mi ló gbìn ín. Ìgbẹ́ wọn ló ń jẹ."

"Tó bá jẹ́ ti ewúrẹ́ ni, ẹ jẹ́ kí n bẹ ewúrẹ́." Ó yíjú sí òbúkọ kan tó ń wò wọ́n. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gé ewé díẹ̀ fún orúnkún ọkọ wa."

Òbúkọ náà ké. N kò mọ ohun tó wí, ṣùgbọ́n Wamaitha ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," ó gé tirẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Nyaguthii pọ́n àdá lórí òkúta, ó lọ sí ẹ̀yìn agbo, ó sì gé gbogbo èsìsì ibẹ̀ lulẹ̀. Ó gé e títí ilẹ̀ fi pá bí orí arúgbó. Mo rí i láti oko mi. Mo pè é, ó ń gé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ àti apá rẹ̀ ti lé kókó, kò tilẹ̀ rántí láti fi ìka méjì mú ewé lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí owú ti wù kó pọ̀ tó, Nyaguthii kò lè fi ohun rere ṣòfò. Ó tẹ́ èyí tó ṣì rọ̀ sórí àjà kó gbẹ fún ògì. Èyí tó rọ lójú oòrùn títí kò fi jóni mọ́, ó kó o fún àwọn ewúrẹ́, omi ọmú wọn sì pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ó gé díẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Igi rẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó rì í sínú àgbá omi kan títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó ń fi omi náà bomi rin kábéèjì, kòkòrò wẹ́wẹ́ kò sì dé ìdí rẹ̀. Mo ń wò ó, mo sì ń rò ó pé, gbogbo ènìyàn àti ẹran tó wà ní agbo ilé yìí ni èsìsì ti ṣe lóore, àfi ẹni kan.

Ìdákẹ́jẹ́ wọ àárọ̀ wa. A kò gbọ́ igbe mọ́, a kò gbọ́ ẹ̀rín. Wamaitha gbìyànjú. Ó fi ọ̀rá àgùntàn pa orúnkún Wahome, ó fi òkúta gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Kò ṣiṣẹ́ bí èsìsì. Nyaguthii dáná tíì láàárọ̀, ó jẹ́ kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó rò pé ọkọ yóò padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Wahome kò lọ sí ilé ọ̀kankan nínú wọn. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láti ilé rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ń gbé tíì lọ bá a, ife méjì, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ọ̀kan láti apá òsì. Á mu ìdajì èyí, á mu ìdajì tọ̀hún, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, á sì tún padà dùbúlẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Òtútù wọnú egungun. Nígbà náà gan-an ni àwọn ará ilé Kibuthu ní òkè Ngamba ránṣẹ́ wá pé àwọn ti múra tán.

Ọ̀rọ̀ Kirigo ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Nyaguthii bí. Ilé Kibuthu ló ń lọ bí aya. Wọ́n ti kó ewúrẹ́ wá, a ti mu ọtí, ó ku kí àwa náà lọ sí ilé wọn lọ wo àká wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í fi ọmọ fúnni kí a má mọ̀ bóyá oúnjẹ wà ní àká ibi tó ń lọ. Bàbá ọmọ ni ó ń ṣíwájú. Òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ ẹnu ọ̀nà, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bu ọtí oyin fún. Bí kò bá lè lọ, àbúrò rẹ̀ ni yóò ṣíwájú, bí ìgbà tí bàbá ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn a sì máa lẹ̀ mọ́ ọmọ lára nílé ọkọ: wọn á ní kò sí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Gikunju, àbúrò Wahome, ti ra fìlà tuntun. Ó dé e wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Màá bá yín mu ọtí náà."

"Ṣí fìlà yẹn kúrò nínú ilé mi," Wahome wí láti orí ibùsùn.

Ẹnì kan ní kí a wá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan tí yóò gbé e, nítorí mọ́tò kankan kò lè gun òkè Ngamba nínú ẹrẹ̀. Wahome ní òun kì í ṣe àpò ọ̀dùnkún. Ó yíjú sí ògiri.

Kirigo dé láti ìlú Nyeri, níbi tó ti ń kọ́ aṣọ rírán. Ó kí bàbá rẹ̀, ó rí orúnkún náà. Ó jáde, ó lọ sí ẹ̀yìn agbo. Èmi àti Nyaguthii ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé nígbà tí ó padà wọlé.

"Màmá, ta ló gé èsìsì ẹ̀yìn agbo?"

Nyaguthii ń ṣa ẹ̀wà lọ. "Igbó ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ejò lè wọ̀ ọ́."

"Ejò wo ní òkè tó tutù báyìí? Màmá, gbogbo ènìyàn ti sọ fún mi. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi ń na bàbá mi láràárọ̀ tí ó fi ń rìn."

"Ìwọ náà ti lọ jókòó sí ilé Wamaitha?"

"N kò jókòó sí ilé ẹnikẹ́ni. Èsìsì kọ́ lẹ gé, Màmá. Ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ gé. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó wọ ilé ọkọ mi kí tèmi tó wọ̀ ọ́."

Ó jáde. Ọwọ́ Nyaguthii dúró nínú ẹ̀wà. Ó ní, "Ìyá Ruguru, ẹ̀wà yìí ní òkúta púpọ̀," ó sì fi igun ìborùn nu ojú.

Ọjọ́ ìrìn náà ku ọ̀la. Ní àárọ̀, òjò dá díẹ̀. Nyaguthii lọ sí ẹ̀yìn agbo, mo tẹ̀lé e. Ilẹ̀ tó ti gé pá yẹn, ó ti hù padà. Gbòǹgbò èsìsì kì í kú sábẹ́ àdá. Òjò ti fún un lágbára, ó sì kún pitipiti bí irun orí ọmọ tuntun, ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò ga ju ìka lọ.

"Kò ṣe é di bí ìgbálẹ̀," Nyaguthii wí. "Kò ní igi. Ti inú ìkòkò ni."

"Ṣé kì í jóni ni?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e pẹ́rẹ́. Ó fa ọwọ́ padà kíá. "Ó jóni ju àgbà rẹ̀ lọ."

Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í já a, ìka méjì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó sì kún apẹ̀rẹ̀. Kò lọ sí ilé ọkọ tààrà. Ó gba àgbàlá kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Wamaitha. Mo mọ bí ìrìn yẹn ti gùn tó fún un.

Wamaitha ń fọ àwo. Kò dìde.

"Ìyálé mi. Ṣé ewúrẹ́ ló rán yín wá?"

Nyaguthii gbé e mì. "Àwọn ni. Wọ́n ní kí n bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí kò ga, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?"

Wamaitha wo apẹ̀rẹ̀ náà. "Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ọwọ́ lásán. Ẹ ó fi bo orúnkún, ẹ ó sì di í mú títí ooru á fi wọlé. Ìyá mi àgbà máa ń ṣe é fún àwọn tí ara wọn kò gba ẹgba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ náà á jó bí i ti aláìsàn."

"Ọwọ́ méjì ni mo ní."

"Orúnkún méjì ló ní. Ẹ kò lè mú méjèèjì le bó ti yẹ." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Èmi á mú ọ̀kan."

"Mo mọ̀ pé wàá sọ bẹ́ẹ̀."

Wamaitha dìde wàyí, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. "Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jowú nílé yìí? Lójoojúmọ́ tí mo bá nà án tán, tó bá jókòó síbí tó ń mu tíì mi, ṣé ẹ mọ ohun tó ń bèèrè? 'Kí ni Ìyá Kirigo ń sè lọ́hùn-ún? Ó ń ta sánsán.' Tíì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ o! Imú rẹ̀ wà nínú ìkòkò yín. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ tán, mo nà án sí i."

Nyaguthii kò lérò pé yóò gbọ́ irú rẹ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dí i mọ́lẹ̀.

"Òótọ́ ni pé ó ń bèèrè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

"Ọ̀tún ni tèmi," Nyaguthii wí, ó sì ṣíwájú.

Wahome rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ wọlé, ó gbìyànjú láti dìde sá. Orúnkún kò gbà. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ jókòó dáadáa, Bàbá Kirigo."

"Ẹ na ẹsẹ̀, Bàbá Macharia," ni Wamaitha wí, ó fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ pè é.

Wọ́n kúnlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n kó ewé lé orúnkún, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wahome ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ fi dáhùn. Omi bọ́ lójú Wamaitha. Òógùn yọ ní iwájú orí Nyaguthii. Ó yẹ kí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò láti sinmi, ṣùgbọ́n èyí ń wo ọwọ́ tọ̀hún, tọ̀hún sì ń wo ọwọ́ èyí, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé tirẹ̀.

"Ó tó! Ó ti tó!" ni Wahome ń pariwo. "Ẹ gbé ọwọ́ kúrò!"

"Òun ni kó kọ́kọ́ gbé e," Nyaguthii wí.

"Àgbà ló ń ṣíwájú," Wamaitha wí.

Wahome wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí omijé, ó rí òógùn, ó rí obìnrin méjì tí wọ́n di eyín mú nítorí orúnkún arúgbó. Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn lélẹ̀. Nyaguthii wà ní ibi tí ẹ̀rín náà ti jáde, ó gbọ́ ọ láìsí àgbàlá láàárín. Ó gbé ojú sókè wò ó, n kò sì rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òtútù.

Wọ́n tún ṣe é ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n tún ṣe é ní ìdájí ọjọ́ ìrìn náà. Wahome di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó wọ kóòtù, ó kọjá lára Gikunju tó dé fìlà tuntun dúró ní àgbàlá.

"Lẹ́yìn," ó wí fún un.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Gura, a kọjá afárá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ngamba. Ẹrẹ̀ ń yọ̀. Wahome rọra ń lọ, ó ń dúró, ó ń mí, ṣùgbọ́n iwájú ló wà. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àwọn ìyàwó méjèèjì pọ́n, wọ́n sì wú.

"Wo bí ọ̀tún ṣe ń tẹlẹ̀," Nyaguthii wí fún mi, ohùn rẹ̀ kò lọ sílẹ̀.

"Òsì ló ń gbé e gòkè," Wamaitha wí fún mi láti apá kejì.

"Ọ̀tún kò tiro."

"Òsì kò tiro rí."

Wahome dúró, kò wẹ̀yìn. "Ẹ̀yin obìnrin, èmi ni mo ni ẹsẹ̀ méjèèjì."

Kirigo, tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, fi ìborùn bo ẹnu.

Nígbà tí a dé, ilé Kibuthu ti kún. Àwọn àgbà wọn jáde, wọ́n ń kọrin, wọ́n dá ọ̀nà sí méjì fún wa. Ìwo ọtí oyin wà lọ́wọ́ Kibuthu fúnra rẹ̀. Àwọn ará Ngamba ń wo ẹnu ọ̀nà láti rí bàbá ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Wahome dé ibi àbáwọlé. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó fi wọlé.

Wamaitha húkọ́, ó gbé ọwọ́ tó wú náà, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Mo wo Nyaguthii. Ó na ọrùn, ó wo ẹsẹ̀ kejì tó kù níta, èyí tí gbogbo ara ọkọ rẹ̀ gbára lé.

"Ta ló rí ẹni tó gbé òsì," ó wí, "tí ọ̀tún kò bá dúró fún un?"

Ó sì wọlé tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, ó lọ wo àká àna rẹ̀.